Ọjọ́ Kan Nínú Ayé Ọmọbìnrin Akẹ́kọ̀ọ́: Kúdẹtì àti Èkó ní Ìgbà Àwọn Ìyá Wa

Ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ yìí yóò ṣe àjèjì létí yín. Nígbà tí a bá ń pa ìtàn Ìjọ ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn bíṣọ́ọ̀bù, àwọn ọba àti àwọn balógun ni a máa ń dárúkọ. A mọ ọdún tí a fi Àjàyí Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù, èyí ni 1864. A mọ ọdún tí a fi ọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ogun Kírìjì, èyí ni 1886. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá bi wá léèrè pé, kí ni ọmọbìnrin tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ní ayé ìgbà náà ń ṣe láti ìgbà tí ó bá jí títí di ìgbà tí yóò sùn, ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa ni yóò dákẹ́.

Ìbéèrè náà kì í ṣe ìbéèrè kékeré. Ohun tí ènìyàn bá ń ṣe lójoojúmọ́ ni ó ń mọ ọ́n, bí amọ̀kòkò ti ń mọ ìkòkò. Ní ayé ìgbà náà, ìyá tí ó bá fẹ́ fa ọmọbìnrin rẹ̀ lé àwọn onígbàgbọ́ lọ́wọ́ ní ìbẹ̀rù kan lọ́kàn, a kò sì lè sọ pé ìbẹ̀rù náà ti tán pátápátá ní ayé wa yìí. Ó ń wí pé: Bí mo bá rán ọmọ mi lọ kẹ́kọ̀ọ́, ṣé ọmọ mi náà ni yóò padà wá bá mi? Ṣé n óò tún mọ̀ ọ́n? Ìbéèrè ìyá yìí ni a óò mú dání bí àtùpà, bí a ti ń wọ inú ilé méjì lọ: ilé àwọn Hinderer ní Kúdẹtì ní Ìbàdàn, àti ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin tí Ẹgbẹ́ C.M.S. dá sílẹ̀ ní Èkó.

Ṣùgbọ́n kí a tó wọlé, ẹ jẹ́ kí a wo irú ayé tí ó wà lóde. Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé ti fọ́, gbogbo ilẹ̀ Yorùbá di ilẹ̀ ogun. Ní nǹkan bí ọdún 1840, ní ẹ̀bá Òṣogbo wa níhìn-ín, àwọn ọmọ-ogun Ìbàdàn ṣẹ́gun àwọn ará Ìlọrin. Láti ọjọ́ náà ni agbára Ìbàdàn ti ń nà lọ sí ìhà ìlà-oòrùn, ibẹ̀ gan-an sì ni ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, Ẹ̀fọ̀n àti Èkìtì wà. Àwọn tí a bá kó ní ogun, a ń kó wọn lọ sí Ìbàdàn; a ń ta àwọn kan lọ́jà, a sì ń fi àwọn mìíràn ṣe ará oko àwọn olóyè. Ní 1870, Ìbàdàn kó Iléṣà pàápàá. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá gbọ́ orúkọ Ìbàdàn nínú ọ̀rọ̀ wa yìí, ẹ má ṣe wí pé ìlú àwọn ẹlòmíràn ni. Ẹ̀jẹ̀ wa wà níbẹ̀, nínú oko àti nínú agbo-ilé. Ogun ni ó kó wọn débẹ̀.

Ní 1853 ni David Hinderer, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí Ẹgbẹ́ C.M.S. rán níṣẹ́, mú ìyàwó rẹ̀ Anna wá sí Ìbàdàn. Ní 1827 ni a bí Anna ní Hempnall ní agbègbè Norfolk, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí ó wà ní ọmọdé. Ní ilé àlùfáà ìlú Lowestoft ni ó ti kọ́ iṣẹ́ Olúwa, ó sì ti ń kó àwọn ọmọ tálákà jọ láti kọ́ wọn kí òun tìkára rẹ̀ tó di àgbà. Òun àti ọkọ rẹ̀ kò bí ọmọ. Síbẹ̀, kò pẹ́ tí ó dé Ìbàdàn tí àwọn ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí pè é ní Ìyá, orúkọ yìí ni ó sì ń jẹ́ títí ó fi lọ.

Kò rọrùn fún un láti rí ọmọ kọ́. Ìlú jagunjagun ni Ìbàdàn í ṣe, àwọn òbí sì ń bẹ̀rù pé ìwé yóò sọ ọmọ wọn di ojo. Ṣùgbọ́n olóyè kan wà, Olúnlọ́yọ̀ ni orúkọ rẹ̀, ẹni tí ó fi ọmọ rẹ̀ méjì lé Ìyá lọ́wọ́: Akínyẹlé, ọkùnrin, àti Yéjídé, obìnrin. Ẹ kíyè sí i pé jagunjagun ni ó kọ́kọ́ gbà pé ìwé kì í pa ọmọ. Títí di òní ni orúkọ Yéjídé wà lára ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn ọmọbìnrin kan ní Ìbàdàn. Bẹ́ẹ̀ ni ilé náà bẹ̀rẹ̀ sí kún, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: ọmọ olóyè, ọmọ tálákà, ọmọ aláìníyàá, àti ọmọ tí a rà padà lóko ẹrú.

Ẹ jẹ́ kí a wọlé nísisìnyí. Ilé alámọ̀ ni, gẹ́gẹ́ bí ilé ará ìlú yòókù. Àwọn ọmọ kì í wá ní òwúrọ̀ kí wọ́n sì lọ ní ọ̀sán bí ti àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn. Púpọ̀ nínú wọn ń gbé pẹ̀lú Ìyá, wọ́n ń jẹun níbẹ̀, wọ́n sì ń sùn níbẹ̀. Nítorí náà ọjọ́ wọn kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ọjọ́ ọmọbìnrin Yorùbá rere nínú ilé baba rẹ̀, àfi ní ibi tí ìwé àti àdúrà ti wọ̀ ọ́. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ilé ní láti di gbígbá, omi ní láti di pípọn. Ẹni tí ó bá mọ Ìbàdàn mọ odò tí ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú Kúdẹtì, ó sì mọ ohun tí ó jẹ́ láti ru ìkòkò omi gun òkè nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni àdúrà òwúrọ̀. Ìyá ní dùrù kan tí ó mú wá láti ìlú òyìnbó, àwọn ará ìlú sì máa ń fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀. Àwọn ọmọ ń kọrin, a ń ka Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ní èdè Yorùbá, a sì ń gbàdúrà. Nígbà náà ni ìwé bẹ̀rẹ̀. Kí ni wọ́n ń kà? Ẹ rántí pé ní 1853 kò tíì sí Bíbélì ní odindi ní èdè wa. Ìwé tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Róòmù, tí Crowther túmọ̀, ti jáde ní 1850. Ìwé Àdúrà Yorùbá pẹ̀lú ti wà. Àwọn ìwé mìíràn sì ń tẹ̀lé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọbìnrin tí ó bá mọ ìwé kà ní Kúdẹtì ń dúró de Bíbélì bí ẹni tí ń dúró de oúnjẹ tí a kò tíì sè tán. Ó mọ Jẹ́nẹ́sísì kí ó tó mọ Àìsáyà, nítorí pé Jẹ́nẹ́sísì ni ó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ní 1884 ni gbogbo rẹ̀ tó parí; nígbà náà Yéjídé àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti di ìyá ọmọ.

Ọ̀sán ni ti abẹ́rẹ́. Níhìn-ín ni a fẹ́ kí ẹ̀yin ìyá wa fetí sílẹ̀ dáradára. Ní ilẹ̀ wa láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ọkùnrin ni ó ń rán aṣọ. Iṣẹ́ obìnrin ni òwú rírán, kíjìpá híhun àti aró rírẹ. Ẹ̀yin ará Òṣogbo, tí a mọ ìlú yín sí ìlú aró, ẹ mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Nígbà tí Ìyá fi abẹ́rẹ́ lé ọmọbìnrin lọ́wọ́, iṣẹ́ ọkùnrin ni ó fi lé e lọ́wọ́ ní ojú àwọn ará ìlú. Ohun tí òyìnbó kà sí iṣẹ́ ilé lásán jẹ́ ohun tuntun pátápátá ní ilẹ̀ wa. Aṣọ tí àwọn ọmọ náà ń wọ̀, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ń rán an. Bí ó bá sì di ìrọ̀lẹ́, ọmọ tí ó mú abẹ́rẹ́ ní ọ̀sán ni yóò kúnlẹ̀ ti ọlọ láti lọ ata, kí oúnjẹ alẹ́ lè tètè jinná. Lẹ́yìn oúnjẹ, àdúrà alẹ́. Lẹ́yìn àdúrà, orun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta jẹ́ ọjọ́ ìmúra, kí Ọjọ́ Olúwa má bàa bá ilé àti aṣọ ní ìdọ̀tí. Ní Ọjọ́ Ìsinmi, ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹ̀kọ́ Bíbélì ni wọ́n ń ṣe. Bí ọ̀sẹ̀ ti ń lọ nìyẹn. Bí ẹ bá rò ó dáradára, ẹ óò rí i pé ọwọ́ kan náà ni ó mú ìwé, tí ó mú abẹ́rẹ́, tí ó sì mú ọmọ ọlọ.

Nínú ilé yìí ni ọmọbìnrin kékeré kan wà tí ń jẹ́ Ògúnyọmí. Láti ìhà Ẹ̀fọ̀n, ní agbègbè wa yìí, ni a ti jí i gbé, tí a sì kó o dé Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí ẹrú. Hinderer rà á padà, ó sì di ọmọ ilé Kúdẹtì. Ẹ fi ojú inú wo irú ìbẹ̀rù tí yóò wà lọ́kàn ọmọ bẹ́ẹ̀: a ti mú un kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ó sì wà nísisìnyí láàárín àwọn ènìyàn tí àwọ̀ wọn kò jọ àwọ̀ ẹnikẹ́ni tí ó ti rí rí. Díẹ̀ díẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ balẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ń bá wọn kọrin, ó ń bá wọn kàwé, ó sì ń bá wọn jáde lọ ṣe iṣẹ́ òòjọ́.

Ìyá ọmọ náà pẹ̀lú ti di ẹrú ní Ìbàdàn yẹn, kò sì mọ̀ pé ọmọ òun wà ní ìlú kan náà. Ní ọjọ́ kan tí àwọn ọmọ Kúdẹtì jáde, ìyá yìí pàdé wọn, ó sì mọ ọmọ rẹ̀. Ó pè é ní orúkọ rẹ̀. Ọmọ náà sì mọ ìyá rẹ̀. Ilẹ̀kùn Kúdẹtì sì ṣí sílẹ̀ fún un láti máa wá wo ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Kí ni ó mú kí ìyá náà mọ ọmọ rẹ̀? Ojú ọmọ ni, àwa náà gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé a ti sé ọmọ náà mọ́ inú ilé, ìyá rẹ̀ ìbá ti ṣe pàdé rẹ̀? Bí ó bá jẹ́ pé a ti gba èdè ìyá rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, kí ni ìbá fi dá a lóhùn? Bí a bá ti fi orúkọ mìíràn bo Ògúnyọmí mọ́lẹ̀, ìbá ha yíjú padà nígbà tí a pè é? Nítorí pé ọmọ náà ń jáde lọ ṣe iṣẹ́ tí gbogbo ọmọ ń ṣe, ní ojú ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn ń rìn, ni ìyá rẹ̀ fi rí i. Ẹ̀kọ́ kò gbé e pamọ́.

A kò wí pé Kúdẹtì kò ní àbùkù. Àwọn tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ náà kà púpọ̀ nínú àṣà wa sí òkùnkùn, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó jẹ́ òkùnkùn. Ilé àjèjì ni, àṣà àjèjì sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyà dé, ilé náà jẹ ìyà pẹ̀lú ìlú. Ní 1860 ni ogun Ìjàyè bẹ̀rẹ̀. Àwọn Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú dí ọ̀nà tí ó lọ sí etí òkun, owó kò sì lè ti Èkó dé ọ̀dọ̀ àwọn Hinderer mọ́. Wọ́n ń ta ẹrù ilé wọn láti fi rí owó ẹyọ tí wọn yóò fi ra oúnjẹ. Ẹ̀wà tí a fi ata àti epo sè ni ó di oúnjẹ ìyá àti ọmọ, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́. Síbẹ̀, ìwé kíkà kò dúró.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1862, Ìjàyè fọ́. Ọ̀kan nínú àwọn tí ogun Ìbàdàn mú níbẹ̀ ni òyìnbó kan, Edward Roper, oníṣẹ́ C.M.S. Ìgbèkùn ni ó bá dé Ìbàdàn, ọ̀dọ̀ àwọn Hinderer ni ó sì ń gbé. Òun náà jẹ nínú ẹ̀wà náà, ó sì gbọ́ bí àwọn ọmọ ti ń kọrin ní òwúrọ̀. Ẹ fi orúkọ yìí sọ́kàn, nítorí a óò tún pàdé rẹ̀ ní Èkó. Ní 1865, nígbà tí ara Ìyá kò lè gbà á mọ́, Gómìnà Glover rán Captain Maxwell láti Èkó láti la igbó kọjá wá mú un lọ. Ó tún padà wá sí Ìbàdàn, ṣùgbọ́n àìsàn ti jẹ agbára rẹ̀ tán. Ní 1869 ni òun àti ọkọ rẹ̀ fi Ìbàdàn sílẹ̀ pátápátá, ó sì sùn nínú Olúwa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Kẹfà ọdún 1870, ní ẹni ọdún 43. Iṣẹ́ náà kò bá a kú. Daniel Olúbí, tí ó ti bá wọn gbé láti ìbẹ̀rẹ̀, àti àwọn ọmọ tí a tọ́ ní Kúdẹtì, ni wọ́n di ìjọ Ìbàdàn mú fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí òyìnbó kan láàárín wọn.

Nísisìnyí, ẹ bá wa ká lọ sí Èkó. Ní 1859 ni Thomas Babington Macaulay, àna Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, ti ṣí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti C.M.S. fún àwọn ọmọkùnrin. Ọdún mẹ́wàá kọjá kí ti àwọn ọmọbìnrin tó tẹ̀lé e. Ní 1869, ọdún kan náà tí Ìyá kúrò ní Ìbàdàn, ni Ẹgbẹ́ C.M.S. ṣí ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn ọmọbìnrin ní Èkó. Ta ni a fi ṣe olórí rẹ̀? Annie Roper ni, aya Edward Roper tí ó jẹ ẹ̀wà ní Kúdẹtì. Bẹ́ẹ̀ ni okùn kan ṣoṣo so ilé méjèèjì pọ̀.

Irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ti wà ní Sàró ṣáájú èyí, láti 1849, níbi tí àwọn ọmọbìnrin àwọn ènìyàn wa tí a gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Níbẹ̀ ni a rán ọmọ Yorùbá kan lọ ní 1851, Àìná láti Òkè-Ọ̀dàn, tí àwọn ará Dàhòmì kó ní 1848 nígbà tí wọ́n pa àwọn òbí rẹ̀, tí ọ̀gá ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan sì gbà lọ́wọ́ ọba Dàhòmì. Ayé mọ̀ ọ́n sí Sarah Forbes Bonetta, ẹni tí Ọbabìnrin Victoria ṣe alágbàtọ́ fún. Ó mọ ìwé, ó mọ orin, ó sì mọ ìwà ọmọlúwàbí. Ní 1862 ni ó fẹ́ James Davies, oníṣòwò ńlá ti Èkó. Ọmọ rere ni, a kò sì gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ àbùkù kan sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá fi ìtàn rẹ̀ ti ìtàn Ògúnyọmí, ọkàn wa a máa dàrú. Méjèèjì ni a kó lẹ́rú ní kékeré; méjèèjì ni a tú sílẹ̀; méjèèjì ni a kọ́ ní ìwé. Ti Ògúnyọmí, ìyá kan ń bẹ ní ojú ọ̀nà tí ó lè pè é ní orúkọ. Ti Àìná, kò sí mọ́.

Báwo ni ọjọ́ ti rí fún ọmọbìnrin ní ilé-ẹ̀kọ́ Èkó? Òun náà ń fi àdúrà bẹ̀rẹ̀ ọjọ́, ó sì ń fi àdúrà parí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé inú ilé-ẹ̀kọ́ náà, lábẹ́ agogo àti òfin. Wọ́n ń kọ́ Bíbélì, ìwé kíkà àti kíkọ, ìṣirò, ìmọ̀ nípa ilẹ̀ ayé, orin, dùrù títẹ̀ àti aṣọ rírán. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni olórí ohun gbogbo. Àwọn ọmọ oníṣòwò, ti àlùfáà àti ti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, nítorí pé owó ni a fi ń lọ. Ìrètí àwọn òbí ni pé kí ọmọ wọn di aya tí ó yẹ ọkùnrin tí ó mọ̀wé, kí ó sì lè ṣe ilé onígbàgbọ́ dáradára; ìrètí Ẹgbẹ́ sì ni pé kí àwọn olùkọ́ àti àwọn àlùfáà dúdú rí aya tí yóò bá wọn ṣe iṣẹ́ Olúwa.

Ìrètí rere ni, ó sì so èso rere. Láti ilé-ẹ̀kọ́ yìí ni ọ̀pọ̀ ìyá ìjọ ti jáde, tí wọ́n ṣe olùkọ́, tí wọ́n sì tọ́ àwọn ọmọ tí ó di aṣáájú. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà ni Kofoworola Moore, tí gbogbo wa mọ̀ sí Lady Ademola, ẹni tí ó gba oyè ìmọ̀ ní Oxford ní 1935, obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà tí ó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ sọ òtítọ́, a ní láti sọ apá kejì pẹ̀lú. Nínú ọjọ́ ọmọbìnrin Èkó, ìwé àti ọlọ bẹ̀rẹ̀ sí jìnnà sí ara wọn. Ọjà pàápàá, tí ó jẹ́ agbára àwọn obìnrin Yorùbá láti ìgbà ìwáṣẹ̀, di ohun tí a ń fojú tẹ́ńbẹ́lú. Ní 1884 ni ìjọba Èkó ṣe òfin ìgbéyàwó gẹ́gẹ́ bí ti Gẹ̀ẹ́sì. Ó sì di èrò àwọn ọlọ́lá ní Èkó pé kò yẹ kí aya tí a gbé ní ṣọ́ọ̀ṣì máa pàtẹ ní ọjà. Ọkọ ni yóò máa bọ́ ọ. Nígbà tí ọkọ bá ní owó, tí ó sì ní ìwà, gbogbo rẹ̀ a máa dára. Nígbà tí ọkọ bá kú, tàbí tí ó bá jẹ gbèsè, tàbí tí ó bá yí ojú sí ẹlòmíràn, kí ni ó kù? Ìyá ìyá rẹ̀ tí kò mọ A láti B ní owó tirẹ̀ nínú àpò tirẹ̀. Ọmọ tí ó mọ dùrù tẹ̀ kò ní. Àwọn mìíràn nínú wọn ní láti tún padà kọ́ òwò ní àgbà.

Ọ̀rọ̀ èdè náà rí bẹ́ẹ̀. Òfin ẹ̀kọ́ tí ìjọba ṣe ní 1882 fi owó ìrànlọ́wọ́ sí ẹ̀kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, kò sì ka èdè Yorùbá sí. Àwọn tí ó ń kọ ìwé ìròyìn ní Èkó kùn sí i púpọ̀. Ẹ wò ó: ní 1884 ni Bíbélì Yorùbá parí, iṣẹ́ tí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ohun tí ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ ṣe, ní àkókò yẹn gan-an ni òfin sì ń wí pé èdè tí a fi kọ ọ́ kò yẹ fún owó ìrànlọ́wọ́. Ọmọ Kúdẹtì kò rí ìwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ó lè jókòó ti ìyá rẹ̀ kí ó sì ka gbogbo ohun tí ó rí sí i létí. Ọmọ Èkó rí ìwé púpọ̀, ṣùgbọ́n mélòó nínú rẹ̀ ni ó lè kà sí ìyá rẹ̀ létí?

Ẹnìkan lè wí pé, kí ni ti Ìjẹ̀ṣà àti Òṣogbo nínú èyí? Ẹ jẹ́ kí a dáhùn. Nínú ọgbà Kúdẹtì ni Samuel Johnson ti dàgbà, ẹni tí a bí ní Sàró ní 1846, tí ó sì wá sí Ìbàdàn pẹ̀lú àwọn òbí rẹ̀ ní ọmọdé. Òun náà ni ó di olùkọ́ ní Ìbàdàn, òun náà ni ó sì kọ ìwé ìtàn ńlá ti àwọn Yorùbá, tí a tẹ̀ jáde ní 1921. Nígbà tí ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ń pa ọmọ Ìbàdàn àti ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní ìhà Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, Johnson àti Charles Phillips, àwọn ọmọ Ìjọ wa, ni a rán láàárín àgọ́ méjèèjì láti wá àlàáfíà, títí a fi fi ọwọ́ sí ìwé ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886. Ilé tí ó gba ọmọ Ẹ̀fọ̀n mọ́ra ni ó tọ́ ọkùnrin tí ó bá wa wá àlàáfíà.

Nígbà tí àwọn ọmọ-ogun sì túká ní 1893, àwọn Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ti di onígbàgbọ́ ní Èkó, ní Abẹ́òkúta àti ní Ìbàdàn ń padà bọ̀ wá sílé, wọ́n sì mú Ìhìnrere bọ̀. Ní 1896 ni Frederick Haastrup, tí òun náà ti jẹ́ ẹrú rí, tí ó sì ti di onígbàgbọ́ àti oníṣòwò, gorí ìtẹ́ Ọwá gẹ́gẹ́ bí Ajímọ̀kọ̀ Kìíní. Àwọn tí ó padà bọ̀ yìí kò padà bí àjèjì. Wọ́n mọ ìwé, wọ́n sì mọ òwò. Nínú irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni a ti bí àwọn òṣómàáló wa, tí kò sí ìlú tí wọn kì í ná. A kò tíì gbọ́ rí láàárín Ìjẹ̀ṣà pé ẹni tí ó mọ̀wé kò gbọdọ̀ ṣòwò, tàbí pé ẹni tí ń ṣòwò kò gbọdọ̀ mọ̀wé. Ọgbọ́n Kúdẹtì nìyẹn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó bọ́ lọ́wọ́ wa.

Kí ni ó sì di ilé méjèèjì? Ní 1899 a tún ṣí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní Kúdẹtì. Ní 1950 ni a so ó pọ̀ mọ́ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin ti C.M.S. Èkó, a sì fi ìdí wọn kalẹ̀ ní Mọ́lété, ní Ìbàdàn, lábẹ́ orúkọ St. Anne's, ní ìrántí Anna Hinderer. Okùn tí Roper mú láti Kúdẹtì lọ sí Èkó tún padà wá sí Ìbàdàn lẹ́yìn ọdún 81.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ wa ti ń lọ sí òpin. A kò bá yín sọ̀rọ̀ yìí kí ẹ lè fa ọmọbìnrin yín sẹ́yìn kúrò nínú ìwé. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí a gbọ́ irú rẹ̀ nínú ìjọ wa! Ọmọbìnrin òní ń kọ́ ohun tí Yéjídé kò lá lálàá rẹ̀, a sì ń fi ọpẹ́ fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá ń wá ilé-ẹ̀kọ́ fún un, ẹ má ṣe béèrè nípa ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àti aṣọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìkan. Ẹ béèrè bí ọjọ́ kan ti ń lọ níbẹ̀. Nígbà wo ni ó ń gbàdúrà? Iṣẹ́ wo ni ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe? Ǹjẹ́ ó ń kà, ó sì ń kọ, ní èdè ìyá rẹ̀? Ǹjẹ́ ó ń kọ́ iṣẹ́ tí yóò fi bọ́ ara rẹ̀ bí ọkọ kò bá sí? Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá lè dáhùn àwọn wọ̀nyí ni ilé-ẹ̀kọ́ rere.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin wa tí ẹ wà níhìn-ín pẹ̀lú, ẹ gbọ́. Ẹ kàwé títí ẹ óò fi dé òkè téńté. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ẹ bá ń bọ̀ lójú ọ̀nà pẹ̀lú ìmọ̀ yín lórí, tí ìyá yín bá ru igi bọ̀ láti oko, tí ó sì pè yín ní orúkọ tí ó sọ yín, ẹ jẹ́ kí ó rí i pé ẹ̀yin náà ni. Bí Ògúnyọmí ti dá ìyá rẹ̀ lóhùn, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ̀yin náà dáhùn. Kí Olúwa kí ó bùkún fún Ìjọ rẹ̀. Àmín.